Àfòpiná Ìdí Èlú àti Ẹjọ́ Àwẹ̀ró

Inú ń bí mi bí mo ṣe jókòó yìí, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí n fi ọwọ́ wọ́nú. Ọdún kọkànlá rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá wà láwùjọ tí ẹnìkan sì pòwe pé àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe ilé àna mi. Ẹni tó pòwe náà kò ṣẹ̀ mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó ti àfòpiná kan rí, tó wò ó látorí dé ìdí, kó tó fi í pòwe? Àwọn baba wa tún ní labalábá tó fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Mo júbà àwọn baba wa, ṣùgbọ́n kí ni labalábá fẹ́ fi ìṣe ẹyẹ ṣe? Èmi Ọdẹ́níran, ọmọ Ọdẹ́yalé, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta láàárín oṣù kan, tí mo bá ìkookò du àgbọ̀nrín tí mo sì gbà á, èmi ni mò ń sọ fún yín pé mo ti rí àfòpiná tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ fìtílà. Ọ̀sán gangan ló ń fò. Kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín mi lọ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ lé àbúrò mi kúrò nílùú, nítorí rẹ̀ náà ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ará igbó títí ayé. Ẹ sún mọ́ mi.

Àwẹ̀ró ni orúkọ àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kò sì sí. Iṣẹ́ aró nìkan ló kù tó ń mú un jí láàárọ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ló ń ṣe ní ìlú wa, Ajénílẹ̀. Yóò po ẹ̀kọ láfún, yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀ ọ́, yóò sì máa fi ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá ti bo aṣọ, aró kò ní mú ibẹ̀. Ìkòkò aró mẹ́rin ló tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Kò ní igi èlú tirẹ̀ tí yóò máa já ewé rẹ̀ ṣe aró, ìṣù èlú tí àwọn ẹlòmíràn ti gún ló máa ń rà, ṣùgbọ́n kò sí aláró kan ní Ajénílẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. N kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àbúrò mi ni. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ pàápàá, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n ń ró lọ́jọ́ ọdún.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Àwẹ̀ró gbé aṣọ tuntun kan jáde. Òrùka wà láàárín ọnà rẹ̀, òrùka mìíràn wà nínú òrùka náà, ìlà funfun kan rìn wọ́kọwọ̀kọ kọjá létí rẹ̀, àmì roboto méje sì tò sí ìṣẹ́tí. Gbogbo ìlú ló ń béèrè rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni Ẹfúnyẹmí, tí í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn aláró, pè é lẹ́jọ́ níwájú Baálẹ̀ Oyègbàmí. Ẹfúnyẹmí gbé aṣọ ògbólógbòó kan jáde látinú àpótí, ó ní ìyá òun ló ya á, ó ní ọnà ìdílé àwọn ni, òun kò sì tíì fi han ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú. Wọ́n tẹ́ aṣọ méjèèjì síta. Òrùka náà nìyẹn, àmì méje nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ìlà funfun ti aṣọ Ẹfúnyẹmí rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, ṣùgbọ́n ti Àwẹ̀ró já níbì kan kó tó kan òrùka, bí òwú tó já tí a kò so. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ gan-an ni olè ti fi ara rẹ̀ hàn, pé ẹni tó yọjú wo ọnà ọlọ́nà láti ojú àlàfo ilẹ̀kùn kò lè rí i tán.

Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró sọ tẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní ara àfòpiná kan ni òun ti wo ọnà náà. Pé ní ọdún méjì sẹ́yìn ló wá bà lé aṣọ tútù tí òun sá sóòrùn, tí òun sì tẹjú mọ́ ọn títí ó fi fò lọ. Ẹ̀rín sọ níwájú Baálẹ̀. Bàbá kan ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, yóò ní eṣinṣin ló kọ́ òun ní aró rírẹ. Òmíràn ní àfòpiná tí gbogbo ayé mọ̀, àwọ̀ eérú ni, kò sì sí ẹni tí í wá ọnà lọ sínú eérú. Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó wò mí. Ìdájọ́ wọn ni pé olè ọnà kò gbọdọ̀ gbé láàárín àwọn aláró: wọn yóò dojú ìkòkò rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé, yóò sì fi Ajénílẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kó fi palẹ̀ mọ́, tàbí kó fi wá àfòpiná rẹ̀ rí kó wá jẹ́rìí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá a. Mo rò pé n óò bá a lẹ́nu ẹkún, àfi bí mo ṣe bá a tó ń ro aró inú ìkòkò kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá bí ìṣe rẹ̀. Mo bi í bóyá ó rí kòkòrò náà lóòótọ́, tàbí ẹ̀rù ló bà á tó fi sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má purọ́ mọ́ ohun tí kò lè fọhùn. Mo rí i. Ó lẹ́wà ju aṣọ tí mo yà á sí lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo bínú sí Ẹfúnyẹmí, mo bínú sí Baálẹ̀, mo bínú sí bàbá arúgbó tó dárúkọ eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń bínú sí eyín ara mi tí mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní ìlú tó lè gbàgbọ́ pé ìwin ń fi irun orí rẹ̀ gbálẹ̀, tó gbà pé àpáta kan ń rìn lọ mumi, ìlú yẹn náà ló wá ní kò ṣeé gbọ́ pé àfòpiná ní ọnà lára. Mo gbé ìbọn mi, mo so ẹ̀tù mọ́ ìdí, mo kọrí sí Igbó Àwòfín. Baba mi ló sọ fún mi nípa igbó náà. Ó ní níbẹ̀, ohun kékeré ló ń jọba lórí ohun ńlá, àti pé ọdẹ tó bá lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìyangàn rẹ̀ sílé. Mo gbọ́ èyí àkọ́kọ́, n kò gbọ́ èkejì.

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́fà dá yín lágara. Ẹ̀gún ni ẹ̀gún ń jẹ́, odò sì tutù níbi gbogbo. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ keje ni mo kan ẹnì kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà. Ojú rẹ̀ dán bí ìdí ìkòkò tuntun; kò sí ẹyinjú, kò sí imú, ẹnu nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé afọ́jú ni, mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi bí ẹni tó ní kí n dúró, mo sì rí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń ṣẹ́jú. Mo fẹ́ sá padà. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í fi ẹ̀rù han ohun tó bá rí ojú rẹ̀. Mo kí i, ó kí mi padà, ó sì bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹfọ̀n, mo dé orí ìmàdò, mo ka ẹkùn tí mo pa ní odò Aró, mo ní ní ti awó, èyí tí mo ti pa kò lóǹkà, pé bí a bá kó ìyẹ́ wọn jọ yóò bo ilé Baálẹ̀.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “O ṣeun. Àwọ̀ wo ni ẹsẹ̀ awó?”

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ dá a lóhùn. Ẹ ti ń jẹ awó láti kékeré. Mo ní pupa ni. Ó ní rárá. Mo ní ó dà bí ti adìẹ; ó bi mí pé adìẹ wo. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n sọ iye ẹ̀kán funfun tó wà lójú ìyẹ́ awó kan ṣoṣo, èmi tí mo ti ru ẹgbàágbèje ìyẹ́ wálé. Inú wá bí mi gidi. Mo ní ta ló yàn án ní olùkọ́ mi, mo ní ọdẹ kì í ka ẹ̀kán, ẹran ló ń pa, mo sì gbé ìbọn lé èjìká. Ńṣe ló rọra pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé. Lójú kan náà, ayé ṣókùnkùn fún mi. Oòrùn ń ta mí lórí, mo ń gbọ́ ẹyẹ, ṣùgbọ́n n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo fọwọ́ tá ilẹ̀ bí ọmọ tó ń rá, mo ṣubú lu gbòǹgbò, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ké pe orúkọ baba mi, mo ka gbogbo ohun tí ọdẹ ń kà nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Kò ran. Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bi mí ní ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú.

Mo ní, “N kò mọ̀.”

Mo fi Ògún baba mi búra fún yín, n kò tíì sọ gbólóhùn yẹn níwájú ẹnikẹ́ni rí. Ó la ọwọ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ padà wá. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò rí, a lè fi nǹkan hàn án. Ó gba ìbọn mi àti ẹ̀tù mi, ó ní kí n wá gbà á nígbà tí mo bá ń padà bọ̀, ó sì tọ́ka ọ̀nà tóóró kan sí mi. Mo ṣe bí ẹni tó dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń hó bí omi ẹ̀kọ. Kí ló kan ẹsẹ̀ awó kan ẹjọ́ àbúrò mi?

Ọ̀nà náà já sí ibi kan tí igi èlú ti hù, àìmọye, ewé wọn tutù yọ̀yọ̀. Oòrùn wà ní àtàrí. Ìgbẹ́ ẹyẹ bo gbogbo ewé náà, funfun díẹ̀, dúdú díẹ̀, mo sì ní irú ibi ìdọ̀tí wo nìyí. Mo mí kanlẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì, atẹ́gùn ẹnu mi fẹ́ lu ẹ̀ka tó wà níwájú mi, ìgbẹ́ ẹyẹ náà sì la apá. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe ìgbẹ́ ẹyẹ. Àfòpiná tó máa ń di ara rẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́ ni mo rí, bí ó sì ti la apá ni mo rí òrùka nínú òrùka. Orúkọ Àwẹ̀ró ni mo kọ́kọ́ pè. Ìtìjú àti ayọ̀ dé sí mi pọ̀. Kàkà kí n jókòó kí n wò ó, ọwọ́ ọdẹ kì í jókòó, mo fi ìka méjì há a mọ́lẹ̀, mo ní ẹlẹ́rìí rèé. Nígbà tí mo ṣí ìka, gbogbo ọnà náà ti di lẹ́búlẹ́bú sí mi lọ́wọ́. Ìyẹ́ tó kù kò ní àwọ̀ kankan, ó rí fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kòkòrò náà ta pọ́ún pọ́ún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú.

Ìgbà náà ni ìyá arúgbó kan jáde láàárín àwọn igi. Ó ga, ó tín-ín-rín, ibi gbogbo tó bá fara kàn ló ń fi lẹ́búlẹ́bú sí, tí ọ̀nà tó gbà kọjá fi ń dán. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n kéré dé orúnkún mi, àwọ̀ wọn sì jẹ́ ti àfòpiná náà gan-an. Ìyá Onílẹ́bú ni wọ́n ń pè é. Wọ́n gbé òkú tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ewé, wọ́n yí mi ká. Èmi tí mo fi ìbínú kúrò nílé nítorí ẹjọ́, èmi ni mo wá di ẹni tí a pè lẹ́jọ́. Mo ní n kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, mo ní kòkòrò lásán ni. Bí mo ṣe sọ “lásán” yẹn, ariwo ta láàárín wọn.

Ìyá Onílẹ́bú gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní, “Ta ló wọ ẹ̀wù mẹ́ta láyé rẹ̀, tí alábẹ́rẹ́ kankan kò rán ọ̀kan nínú wọn?”

Mo ní ejò ni.

Ó ní, “Ẹ̀wù kan náà ni ejò ń pààrọ̀. Ọmọ mi ni. Ó ń rá, ó wọ ewéko. Ó ń sùn, ó wọ òwú. Ó ń fò, ó wọ ohun tí o fi ìka nù kúrò lára rẹ̀. Gbọ́ èkejì. Kí lẹ ń gún lódó, tó ń sunkún, tí ẹ kì í gbọ́?”

Mo ní èlú là ń gún ní ìlú wa, èlú kì í sì í sunkún. Ó bi mí bóyá èlú nìkan ni. Ó la ọwọ́ rẹ̀; ewé èlú kan wà níbẹ̀, kòkòrò tíntín kan sì ń jẹ etí rẹ̀, ara rẹ̀ tutù bí ewé, ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìka aláró. Ó ní orí ewé yẹn ni a bí i sí, ewé yẹn nìkan ló ń jẹ, bí a bá sì já ewé láìwò, a já kòkòrò náà mọ́ ọn. Ó ní gbogbo ìṣù èlú tó wà ní Ajénílẹ̀, ọmọ òun wà níbẹ̀. Mo ní kò kàn mí, n kò gún èlú rí láyé mi. Wọ́n wo ẹ̀wù ọdẹ tó wà lọ́rùn mi. Àwẹ̀ró ló rẹ ẹ́ láró fún mi, ó sì dúdú dáadáa.

Ó ní, “Ẹ gún ọmọ wa mọ́ èlú, ẹ fi í ya ọnà ara rẹ̀ sáṣọ, ẹ wá ń bá ara yín ṣẹjọ́ pé ta ló ni ọnà.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ti ru ìbínú gba odò mẹ́ta kọjá, mo sì dé ibi tí ìbínú ẹlòmíràn ti tóbi ju tèmi lọ, tó tún tọ́ jù ú lọ. Mo wólẹ̀, mo ro ẹjọ́ Àwẹ̀ró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fi ẹ̀rín tí mo rín pa mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó dá mi lẹ́jọ́. Ó ní n óò jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sán mẹ́ta, n óò máa wò. Lẹ́yìn náà n óò sọ ọnà náà lójú gbogbo wọn, láìwò. Bí mo bá sọ ọ́ pé, n óò lọ. Bí mo bá ṣì í, wọn yóò bu lẹ́búlẹ́bú bò mí, n óò sì máa gbé ọ̀dọ̀ wọn ní ipò ẹni tí mo pa.

Ẹ̀yin, mo ti lúgọ de erin rí láàárín ẹrẹ̀, kò ṣòro tó jíjókòó yẹn. Ní ọ̀sán àkọ́kọ́, ojú mi ń sá kiri, ó ń wá ẹran. Ní ọ̀sán kejì ni mo tó rí i pé àmì keje kéré ju mẹ́fà yòókù lọ. Ní ọ̀sán kẹta, n kò fẹ́ kí oòrùn wọ̀ mọ́.

Wọ́n pè mí. Mo dìde, mo ní ìyẹ́ òkè rẹ̀ pọ́n bí èèpo ẹ̀pà tí a yan. Mo ní àbàwọ́n dúdú kan wà létí èjìká, bí ibi tí a fi èédú tọ́. Mo ní òrùka òde pupa rúsúrúsú bí epo tó dì, òrùka inú dúdú bí aró tí a rì lẹ́ẹ̀mejì, àárín gbùngbùn rẹ̀ sì ń kọ mànà bí ojú abẹ tuntun. Mo ka àmì méje. Mo ní ìyẹ́ ìsàlẹ̀ tí a kì í rí bí kò bá fò, funfun ni bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, ìṣẹ́tí rẹ̀ pọ́n bí osùn. Mo ní ìwo orí rẹ̀ là bí ìyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun dé orúnkún bí ẹni tó tẹ ẹfun. Mo ní ìlà funfun rìn wọ́kọwọ̀kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì dákẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ara wọn. Lẹ́búlẹ́bú gbéra nílẹ̀, ó bo orúnkún mi, ó bo àyà mi, mo ń wúkọ́. Mo wo apá mi, àwọ̀ èèpo ẹ̀pà ti ń mú un. Mo mọ̀ pé mo ti fo nǹkan kan, n kò mọ èwo. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àfòpiná rárá. Aṣọ Àwẹ̀ró ni mo rí níwájú Baálẹ̀, àti ìka àwọn àgbà tó ń nà sí ibi kan lára rẹ̀.

Mo fi ohùn tó kù fún mi sọ pé, “Ó já. Ìlà náà já kó tó kan òrùka.”

Lẹ́búlẹ́bú náà wó lulẹ̀. Ìyá Onílẹ́bú sún mọ́ mi. Ó ní n kò nílò láti gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ òun lọ, nítorí wọ́n wà ní Ajénílẹ̀ kí wọ́n tó bí baba mi. Ó ní igi èlú kan wà lẹ́yìnkùlé obìnrin tó pe àbúrò mi lẹ́jọ́, pé ibẹ̀ ni kí n kó àwọn àgbà lọ ní ọ̀sán gangan. Májẹ̀mú tó bá mi dá ni pé kí n sọ fún àwọn aláró kí wọ́n máa yí ewé wò kí wọ́n tó já a. Mo gbà. Mo gba ìbọn mi lọ́wọ́ Olójú Àtẹ́lẹwọ́, mo sì sáré. Ọjọ́ kẹtàdínlógún gan-an ni mo wọ ìlú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n rán láti dojú ìkòkò dé ti wà níwájú ilé Àwẹ̀ró.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Mo lọ bá Baálẹ̀, mo ní ẹlẹ́rìí ti dé, ó ń dúró dè wọ́n ní ilé Ẹfúnyẹmí. Wọ́n tẹ̀lé mi, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Igi èlú náà gbórín, ìyá Ẹfúnyẹmí ló gbìn ín. Bàbá eṣinṣin wo ewé rẹ̀, ó ní ìgbẹ́ ẹyẹ lòun rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, ó la apá. Mo fẹ́ èkejì, mo fẹ́ ẹ̀kẹta. Wọ́n ń fò láàárín wa nínú oòrùn. Mo ní kí Baálẹ̀ wo ìlà funfun náà dáadáa kó sọ bóyá ó rìn já. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ síwájú sí i, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé. Ó ní ó já. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ibi tí wọ́n ní olè ti fi ara rẹ̀ hàn, ibẹ̀ ni olóòótọ́ ti fi ara rẹ̀ hàn.

Gbogbo wa yíjú sí Ẹfúnyẹmí. Mo ti múra èébú sílẹ̀ fún un láti Igbó Àwòfín. Ṣùgbọ́n kò wò wá, igi ló ń wò.

Ó ní, “Ìyá mi máa ń jókòó sábẹ́ igi yìí lọ́sàn-án. Mo rò pé oorun ló ń sùn.”

Mo gbé èébú náà mì. Mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, mo ní kí àwọn aláró máa yí ewé wò. Àwọn kan mi orí, àwọn kan kò tilẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. A padà sí ojúde Baálẹ̀, ó jókòó, ó tún agbádá ṣe, ó ní gbogbo ìlú ti fi orí ji Àwẹ̀ró, kó máa lọ bá iṣẹ́ rẹ̀, kó sì wá fi ẹmu dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Mo ní kí n fọhùn, Àwẹ̀ró fi ọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ẹ fi orí jì mí?”

Bàbá kan ní ọmọbìnrin tí a ṣe lóore kì í béèrè irú ìyẹn. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú eruku, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní bí òun bá dìde lórí ìdáríjì, olè tí a dárí jì lòun yóò máa jẹ́ títí òun yóò fi kú. Kí wọ́n bá òun wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Baálẹ̀ bínú, ó wọlé. Àwọn àgbà tú ká. Mo dúró tì í, oòrùn ń ta wá. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Òjò wẹliwẹli bẹ̀rẹ̀, kò dìde. Ìgbà náà ni mo rí Ẹfúnyẹmí tó ń bọ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ tìkára rẹ̀, láìwé gèlè. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ṣàlàyé. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Nígbà tí àwọn aláró yòókù rí Ìyá Ẹgbẹ́ wọn nílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ dúdú lé ọwọ́ dúdú, títí ojúde Baálẹ̀ fi kún fọ́fọ́. Kò sí ẹni tó kọrin.

Ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, Baálẹ̀ jáde. Ó bọ́ fìlà. Ó wo Ẹfúnyẹmí, ó wo àwọn obìnrin náà, ó wá wo àbúrò mi.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, o kò jalè. Àwa la jẹ̀bi rẹ.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òun gbọ́, ó kí i pé kó pẹ́ láyé. Ó fa Ẹfúnyẹmí dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì yára lọ sílé, nítorí pé aró inú ìkòkò kẹta ti pọ́n, aró kì í sì í dúró de àwọn àgbà.